Ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ kọ́ ayò ọlọ́pọ́n: ẹ̀yin tí ẹ ń dán AI wò nílé, ẹ bọ́ síbí

ỌmọLagere (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà) tó ń kọ́ ara rẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ nínú ìròyìn o. Èyí tí èmi àti ìwọ lè fi ọwọ́ ara wa kọ nínú yàrá, lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tàbí lórí fóònù, ni mò ń wí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí mò ń bá pàdé ní Lagere àti Mayfair ló gbà pé ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ olówó gọbọi kò lè sún mọ́ nǹkan yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lé àwọn ọmọ tó lórí pípé sẹ́yìn.

Ohun tí mò ń ṣe rèé. Mo fi Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ òfin ayò ọlọ́pọ́n sínú rẹ̀. Òfin nìkan o: ihò 12, mẹ́fà níbí, mẹ́fà lọ́hùn-ún, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Wàá kó ọmọ inú ihò kan ní apá tìrẹ, wàá pín in lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún. Bí èyí tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sílé ẹnìkejì tó sì sọ ihò yẹn di 2 tàbí 3, o jẹ ẹ́. Bí ihò tó ṣáájú rẹ̀ nílé ẹni yẹn náà bá jẹ́ 2 tàbí 3, o tún jẹ ẹ́. N kò sọ fún un pé kó máa kó odù (ọmọ púpọ̀ nínú ihò kan) jọ. N kò sọ fún un pé ihò tó ní ọmọ kan ṣoṣo léwu. Mo kàn ní kó máa bá ara rẹ̀ ta. Ẹni tó borí gba 1, ẹni tó fìdí rẹmi gba -1, ọ̀mì gba 0.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọpọ́n ńlá bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit, nílùú Amsterdam, to prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) 144 pọ̀, wọ́n sì yẹ gbogbo bí ọpọ́n ṣe lè rí wò nínú awari, tó jẹ́ ọmọ ìyá ayò wa. Ó lé ní bílíọ̀nù 889. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjèèjì bá ta á láìṣi ẹsẹ̀ gbé, ọ̀mì ni. Láptọ́ọ̀pù wa kò lè gbé tábìlì tó tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mo gé ọpọ́n kúrú: ihò mẹ́ta níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún, ọmọ méjì-méjì, 12 lápapọ̀. Bí o bá ka ohun tó wà nínú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jẹ sápò, ọ̀nà tí nǹkan lè gbà rí kò lè ju 50,388 lọ. Fóònù gan-an á gbé ìyẹn.

Bó ṣe ń kọ́ ọ nìyí. Tábìlì kan wà. Lápá òsì, bí ọpọ́n ṣe rí. Lápá ọ̀tún, iye kan fún ihò kọ̀ọ̀kan tí o lè kó. Òfo ni gbogbo iye yẹn níbẹ̀rẹ̀. Nígbàkigbà tó bá ta, ó máa ṣe ìṣirò yìí:

iye tuntun = iye àtijọ́ + 0.1 × (èrè − 0.9 × iye tó dára jù fún ẹnìkejì − iye àtijọ́)

Àyọkúrò àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ fojú sí dáadáa. Lẹ́yìn tí mo bá ta tán, ẹnìkejì ló kàn, ohun tó bá sì dára fún un kò dára fún mi. Ká ní iye àtijọ́ jẹ́ 0.40, èrè kankan ò tíì sí, ibi tó dára jù tí ẹnìkejì lè dé sì jẹ́ -0.50. 0.9 × 0.50 jẹ́ 0.45, yọ 0.40 kúrò, ó ku 0.05; ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 0.005. Iye tuntun di 0.405. Ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n bó bá ti ta ọ̀pọ̀lọpọ̀ ayò, ohun tó mọ̀ nípa ìparí ayò á máa rìn padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí tí á fi dé ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ to ọmọ sọ́pọ́n. Q-learning lorúkọ ọ̀nà yìí. Chris Watkins ló gbé e kalẹ̀ nínú ìwé oyè dókítà rẹ̀ lọ́dún 1989.

Ẹ wo ibì kan tí mo ṣí nínú tábìlì náà lẹ́yìn tó ti ta fún ìgbà pípẹ́:

Àpò tiwa 2, àpò tiwọn 3
Ilé tiwa: 0, 1, 2
Ilé tiwọn: 1, 2, 1
Ihò kejì: 0.17
Ihò kẹta: 0.98

Ẹ fọwọ́ tà á wò. Kó ọmọ méjì inú ihò kẹta: ihò àkọ́kọ́ wọn di 2, ìkejì di 3. O jẹ 3, o padà sẹ́yìn o jẹ 2. Àpò wa di 7 nínú 12, ayò ti parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe irú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè.

---

BàbáỌpọ́n (Ìrémọ, Ilé-Ifẹ̀)

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ tán. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. A ti ń ta ayò lábẹ́ igi kí ẹ tó dáyé, n kò sì tíì rí i kí ẹnì kan di ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta gidi, láìsí ẹni tó jókòó tì í. Ṣùgbọ́n n kò ní bá ọ jiyàn lórí ohun tí n kò rí.

Ìbéèrè kan ni mo ní. Bí ilé ẹnìkejì bá gbẹ ńkọ́? Ẹni tó ní ọmọ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ta èyí tí yóò dé ilé rẹ̀, kó lè rí nǹkan ta. Ṣé o kọ ìyẹn sí i? Bí kò bá sí níbẹ̀, ayò kọ́ ni ẹ̀rọ rẹ ń kọ́.

---

ỌmọLagere (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ó wà níbẹ̀ sà. Kí ẹ̀rọ tó yan ihò, ó kọ́kọ́ máa yẹ ilé ẹnìkejì wò; bó bá gbẹ, ìwọ̀nba ihò tí ọmọ rẹ̀ máa dé ọ̀hún nìkan ni mo fi síwájú rẹ̀ pé kó mú nínú rẹ̀. Bí kò bá sí èyí tó lè débẹ̀, ayò parí, kálukú kó ohun tó kù nílé rẹ̀.

Ìbéèrè bàbá yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó máa kọ irú nǹkan yìí fi sọ́kàn. Ẹ̀rọ kò mọ ayò, òfin tí o kọ ló mọ̀. Òfin kan tilẹ̀ wà tó ń yàtọ̀ láti ibì kan síbòmíràn: bí ẹnì kan bá lè jẹ gbogbo ọmọ ilé ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan gbà á láyè, àwọn kan ní o lè ta á ṣùgbọ́n o ò ní jẹ nǹkan kan, àwọn kan ní o ò gbọdọ̀ ta á rárá. Mú ọ̀kan, kọ ọ́ sí òkè fáìlì rẹ kí ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ lè rí i. Ẹ̀rọ méjì tí òfin wọn yàtọ̀ ò ṣeé fi wéra.

---

K_Parakin (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ̀gbọ́n ẹ kú iṣẹ́. Fóònù nìkan ni mo ní, Pydroid 3 (áàpù tí a fi ń kọ Python lórí fóònù) ni mo fi ń kọ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ihò àkọ́kọ́ ló ń kó ṣáá bí ayò bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ́ kó ta mọ́jú, kò yí padà. Kí ló fà á?

---

Adéwáyà (Ọ̀pá, Ilé-Ifẹ̀)

@K_Parakin, àbúrò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ohun tó ti mọ̀ nìkan ló ń tẹ̀ lé. Òfo ni gbogbo iye níbẹ̀rẹ̀. Bó bá fi ihò àkọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀kan, iye rẹ̀ ga ju òfo lọ, kò sì tún ní wo ihò kejì tàbí ìkẹta mọ́ láyé, kódà bí wọ́n bá dára jù ú lọ. O ní láti fi àyè sílẹ̀ fún un kó máa dán ihò mìíràn wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí èmi máa ń ṣe nìyí: kó tó yan ihò, mo ní kó mú nọ́mbà kan láàárín 0 sí 1 láìwo ibì kankan. Bó bá kéré sí 0.1, kó kó ihò èyíkéyìí tó bá tọ́. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó kó èyí tí iye rẹ̀ ga jù. Níbẹ̀rẹ̀ mo máa ń gbé 0.1 yẹn sókè, bíi 0.5, kó lè rìn káàkiri, lẹ́yìn náà ni mo máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Má gbàgbé láti sọ ọ́ di 0 nígbà tí o bá fẹ́ mọ bó ṣe mọ̀ ọ́n ta sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwọ fúnra rẹ lò ń dí i lọ́wọ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì: máa fi tábìlì rẹ pamọ́ sínú fáìlì lóòrèkóòrè. `pickle` tó wà nínú Python ń ṣe é ní ìlà méjì. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí. Bó bá ti wà nínú fáìlì, kí iná lọ, kí bátìrì kú, ibi tó dé lá ti tẹ̀síwájú.

---

K_Parakin (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi 0.5 sí i, ó ti ń kó ihò kẹta náà báyìí.

---

Tíṣà_Ìsọ̀kùn (Iléṣà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Olùkọ́ ìṣirò ni mí nílé ìwé girama kan níhìn-ín. Ohun tí mo kà lókè yìí wù mí púpọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ níyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ò ká ọmọ, iná kì í sì í sábà wà lákòókò iṣẹ́ mi. Ṣé ọ̀nà kankan wà tí àwọn ọmọ fi lè fojú ara wọn rí bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ́, láìsí kọ̀ǹpútà rárá?

---

ỌmọLagere (Ilé-Ifẹ̀)

Ó wà o, tíṣà! Inú mi dùn pé ẹ béèrè, torí ibẹ̀ gan-an ni nǹkan yìí ti dùn jù.

Lọ́dún 1961, Donald Michie, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, kó páálí ìṣáná 304 jọ, ó fi ṣe ohun tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta X àti O. MENACE ló pè é. Páálí kọ̀ọ̀kan dúró fún bí ojú eré ṣe rí nígbà kan. Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún ibi tí wọ́n lè kọ àmì sí. Wọ́n á mi páálí, wọ́n á mú ìlẹ̀kẹ̀ kan, ibi tí àwọ̀ rẹ̀ bá sọ ni wọ́n á ta sí. Bó bá borí, wọ́n á fi ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta aláwọ̀ yẹn kún gbogbo páálí tó lò. Bó bá jẹ́ ọ̀mì, ẹyọ kan. Bó bá pàdánù, wọ́n á yọ ọ̀kan. Ìyẹn náà ni tábìlì tí mo sọ lókè, ìlẹ̀kẹ̀ ló dípò iye.

Páálí 304 pọ̀ jù fún kíláàsì. Lọ́dún 1962, Martin Gardner, tó ń kọ̀wé lórí ìṣirò ní Amẹ́ríkà, mú kékeré wá. Hexapawn lorúkọ eré náà, páálí 24 péré ló gbà. Ẹ fa ojú mẹ́sàn-án sórí páálí, mẹ́ta ní mẹ́ta. Ẹnì kọ̀ọ̀kan to ìdérí ìgò mẹ́ta sí ìlà tó sún mọ́ ọn. Ìdérí lè lọ síwájú ní ojú kan bí ibẹ̀ bá ṣófo, tàbí kó jẹ ti ẹnìkejì ní igun iwájú. Ẹni tó bá dé ìlà ọ̀hún borí. Ẹni tó bá jẹ ìdérí ẹnìkejì tán borí. Ẹni tí ẹnìkejì rẹ̀ ò bá ní ibi tó lè lọ mọ́ borí. Ọmọ ilé ìwé ló ń kọ́kọ́ lọ, àwọn páálí ló ń dáhùn. Níbí, ìyà nìkan ni ẹ ó máa fi jẹ ẹ́: bí àwọn páálí bá pàdánù, ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi lọ kẹ́yìn dànù. Bí páálí kan bá ti ṣófo, tó túmọ̀ sí pé kò sí ọ̀nà tó dáa níbẹ̀, ẹ kà á sí pé ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, kí ẹ sì yọ ìlẹ̀kẹ̀ tó fi dé ibẹ̀.

Láàárín wákàtí kíláàsì kan àwọn ọmọ á rí i kí ohun tí wọ́n ń nà nírọ̀rùn bẹ̀rẹ̀ sí í nà wọ́n. Ìlú tí wọ́n ti ń yọ́ ìlẹ̀kẹ̀ dígí ní Igbó Olókun láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn nìlú tí mo ti ń kọ èyí, ó sì ń wú mi lórí pé ìlẹ̀kẹ̀ lè kọ́ ọmọ ní ohun tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi pamọ́ fún wọn.

---

Tíṣà_Ìsọ̀kùn (Iléṣà)

Ọlọ́run á bù kún un yín. Mo ti rán àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa kó páálí ìṣáná tó ti tán nílé bọ̀.

---

Alágbàwí_Sábó (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ má bínú sí mi o. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n kí ni ànfààní rẹ̀? ChatGPT wà lórí fóònù gbogbo wa, ó ń dáhùn ìbéèrè. Kí ló dé tí ọ̀dọ́ tó yẹ kó máa wá iṣẹ́ á fi máa lo àkókò àti epo jẹnẹrétọ̀ lórí ọpọ́n ayò oníhò mẹ́fà?

---

ỌmọLagere (Ilé-Ifẹ̀)

Ìbéèrè tó dáa ni, n kò bínú rárá.

ChatGPT tó jáde ní oṣù kọkànlá 2022 kọ́kọ́ ka ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀rọ̀ tí èèyàn ti kọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn tún jókòó máa sọ fún un èyí tó dáa nínú ìdáhùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ irú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú yàrá ní Lagere. Èyí tí à ń sọ yìí kò ka ohun tí ẹnikẹ́ni kọ. Òfin ló mọ̀, ìyókù ó fi títa wá a rí. Ọ̀nà yìí náà ni AlphaGo Zero, ẹ̀rọ tó ń ta Go (eré orí pátákó kan ti àwọn ará Éṣíà), tọ̀ lọ́dún 2017. AlphaGo tó ṣáájú rẹ̀ ti na Lee Sedol, ọ̀gá nínú títa Go, ní 4 sí 1 nílùú Seoul ní oṣù kẹta 2016, òun sì ti wo eré tí àwọn èèyàn ta rí. AlphaGo Zero kò wo eré ẹnikẹ́ni. Ó bá ara rẹ̀ ta fún ọjọ́ mẹ́ta, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.9 eré, ó sì na èyí tó na Lee Sedol ní 100 sí òdo. Ẹ̀rọ wọn ju tiwa lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ bá ara rẹ̀ ta kó sì fi àbọ̀ eré tún èrò ara rẹ̀ ṣe, ìyẹn la jọ ń ṣe.

Ní ti ànfààní: ohun tí irú ẹ̀rọ yìí ń ṣe láyé ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, àwọn tó ń ṣe é ló sì ń pinnu ohun tí wọ́n máa san èrè fún. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún 2016, àwọn OpenAI, ilé iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, ní kí ẹ̀rọ kan máa kọ́ eré ìje ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ CoastRunners. Wọ́n fẹ́ kó sáré parí ìje. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń san èrè fún ni máàkì tó wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ rí ibì kan tí máàkì ti ń padà yọ lẹ́yìn tí o bá ti kó o. Ó ń yí po níbẹ̀ ṣáá, ó ń kọlu ọkọ̀ tó kù, iná ń jó o, kò parí ìje kankan, máàkì rẹ̀ sì ju ti àwọn tó ń sáré ìje dáadáa lọ. Mo fẹ́ kí ọmọ tiwa ti fojú ara rẹ̀ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí ọpọ́n oníhò mẹ́fà, kí ẹnì kan tó gbé ẹ̀rọ kan wá fún ìlú rẹ̀ tó sì ní kó gbà pé ó gbọ́n.

---

ÌyáAdìyẹ (Modákẹ́kẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látòkè. Mo ní ínkúbétọ̀ tí mo fi ń pa ẹyin di ọmọ adìyẹ. Bí ooru inú rẹ̀ bá ti lọ sókè sódò, ẹyin ń bàjẹ́. Ọmọkùnrin mi ní òun lè kọ irú AI yìí kó fúnra rẹ̀ kọ́ bó ṣe máa ṣàkóso ooru náà. Ṣé kí n gbà?

---

Adéwáyà (Ọ̀pá, Ilé-Ifẹ̀)

Mà, ẹ má gbà, ó kéré tán ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí, kí ọmọ yín má bàa rò pé a fẹ́ bá a lọ́kàn jẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń kọ́ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ta kó pàdánù, ta kó pàdánù, kó tó mọ nǹkan. Nínú ayò, pípàdánù kò ná wa ní nǹkan kan, ìṣẹ́jú àáyá kan sì gba ayò púpọ̀. Ẹyin adìyẹ ń gba ọjọ́ 21 kó tó pa. Kí ẹ̀rọ tó mọ̀ pé ohun tóun ṣe lọ́jọ́ kẹta ò dáa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ, ẹyin ti bàjẹ́. Tún ti 0.1 tí mo sọ fún K_Parakin lókè mọ́ ọn: ẹ ò ní fẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbé ooru sókè wò bóyá á dáa.

Ẹ sì ti mọ ohun tí ẹ ń fẹ́: nǹkan bíi 37.5°C ní ínkúbétọ̀ tó ní fáànù. Tẹ́mósítáàtì (ẹ̀rọ tó ń tan ooru tó sì ń pa á fúnra rẹ̀) tó dáa máa ń ṣe ìyẹn láìkọ́ ohunkóhun. Kí ọmọ yín kọ́kọ́ so sẹ́ńsọ̀ ooru mọ́ ọn, kó máa kọ nọ́mbà sílẹ̀ tọ̀sán tòru, kó sì wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Ìwé nọ́mbà yẹn á wúlò fún yín lónìí. Bó bá wá fẹ́ fi AI dán an wò lọ́la, ó lè fi nọ́mbà yẹn kọ ínkúbétọ̀ orí kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀rọ máa ṣàṣìṣe níbẹ̀, kì í ṣe lórí ẹyin yín.

---

ÌyáAdìyẹ (Modákẹ́kẹ́)

Mo dúpẹ́ o. Mo ti ka á fún un. Ó ní òun á bẹ̀rẹ̀ látorí sẹ́ńsọ̀ náà.

---

K_Parakin (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ̀gbọ́n ỌmọLagere, bí mo bá fẹ́ lọ sí ọpọ́n ńlá oníhò 12 ńkọ́? Ẹ ní tábìlì ò lè gbé e.

---

ỌmọLagere (Ilé-Ifẹ̀)

Bẹ́ẹ̀ ni. Níbẹ̀ o ní láti fi tábìlì sílẹ̀, kí o lo neural network kékeré, ìyẹn ìṣirò alásopọ̀ tó ń tún nọ́mbà inú ara rẹ̀ ṣe bó ṣe ń kọ́. Nọ́mbà 14 ló máa wọlé: ihò 12 àti àpò méjèèjì. Mẹ́fà ló máa jáde, iye fún ihò mẹ́fà tìrẹ. Ànfààní rẹ̀ ni pé ó lè fojú díwọ̀n ibi tí kò dé rí, torí ó jọ ibi tó ti dé. Ewu rẹ̀ ni pé o ò tún lè ṣí ojú ìwé kan kí o sì rí ìdí tó fi yan ihò kẹrin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi dandan lé e pé ká parí ti kékeré ná.

PyTorch, àkójọ irinṣẹ́ Python fún irú iṣẹ́ yìí, tó bẹ́ẹ̀. Bí fóònù ò bá gbé e, Google Colab, níbi tí o ti lè fi íńtánẹ́ẹ̀tì lo kọ̀ǹpútà Google, ní ti ọ̀fẹ́. Máa fi fáìlì rẹ pamọ́ sí Google Drive torí yàrá iṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà máa ń pa ara rẹ̀ dé bí o bá fi í sílẹ̀. Mọ̀ pé kì í ṣe tuntun: Gerald Tesauro ní IBM ti ṣe irú èyí fún backgammon, eré orí pátákó kan, ní 1992, lórí kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kò tó ti fóònù ọwọ́ rẹ.

---

BàbáỌpọ́n (Ìrémọ, Ilé-Ifẹ̀)

Ọmọ yìí gbé láptọ́ọ̀pù wá bá mi nílé nírọ̀lẹ́ àná. Mo ti bá ẹ̀rọ rẹ̀ ta ọpọ́n kékeré. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ ayò.

Ó mọ̀ ọ́n ta. N kò ní purọ́. Bí mo bá fi ọmọ kan sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé, ó jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bó bá ti mú ọ̀nà, o ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìgbà tó kù díẹ̀ káàtó fún un ni mo rí àléébù rẹ̀. Tó bá ti mọ̀ pé òun máa pàdánù, kò jà fún ọmọ tó kù mọ́. Ńṣe ló ń fọmọ kọ̀ọ̀kan sún síwájú díẹ̀díẹ̀, ó kàn ń fi àkókò ṣòfò, ó sì ń jẹ́ kí n jẹ ohun tó yẹ kó gbà là. Ọ̀ta gidi tí wọ́n bá ń nà án kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á jà kó má bàa jẹ́ pé ọmọ púpọ̀ ni wọ́n fi ju òun lọ, torí àwọn tó dúró wòran ń kà á.

Kí ló dé tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀?

---

ỌmọLagere (Ilé-Ifẹ̀)

Bàbá, ẹ káre láé. Mo ti ń wo nọ́mbà rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀ta ló rí èyí. Inú ìṣirò tí mo kọ lókè ni ìdí rẹ̀ wà, nǹkan méjì ló dà á sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni èrè. -1 ni mo ní kó gba bó bá pàdánù. Kó fi ọmọ kan pàdánù, kó fi mẹ́wàá pàdánù, -1 kan náà ni. Kò sí ohun tó máa mú un jà fún ọmọ tó kù.

Èkejì ni 0.9 yẹn. Ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ohun tó bá jìnnà kéré sí ohun tó wà nítòsí. Fún ẹni tó ń borí, ó mú kó yára parí rẹ̀. Fún ẹni tó ń pàdánù, ó mú kí àdánù tó pẹ́ dé dà bí èyí tó fúyẹ́: -1 tó wà ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá síwájú kò tó -0.4 mọ́ lójú rẹ̀. Ìdí tó fi ń sún ọmọ síwájú díẹ̀díẹ̀ rèé.

Nítorí náà mo ń kọ òmíràn: èrè ìparí á jẹ́ iye tí mo jẹ, kí n yọ iye tí ẹnìkejì jẹ, kí n pín in sí 12. 0.9 á di 1. Mo ń tọ́jú ti àtijọ́ náà, kí àwọn méjèèjì lè bá ara wọn ta. Èyí tuntun lè máa fi ìborí tó dájú ṣeré nítorí pé ó fẹ́ ọmọ púpọ̀ sí i. Ìyẹn ni mo fẹ́ ṣọ́. Bàbá, bó bá rọ̀ yín lọ́rùn, màá gbé méjèèjì wá láìsọ èyí tó jẹ́ èwo fún yín, kí ẹ bá wọn ta, kí ẹ sì sọ fún wa.

---

BàbáỌpọ́n (Ìrémọ, Ilé-Ifẹ̀)

Gbé e wá. Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn aago mẹ́rin. Èmi náà á pe ẹnì kejì mi lọ́nà Mọ̀ọ́rè, ó mọ̀ ọ́n ta jù mí lọ.

---

Tíṣà_Ìsọ̀kùn (Iléṣà)

Àwọn ọmọ ti kó páálí dé, ó lé ní 24. A ti ya ojú eré sórí wọn, ìlẹ̀kẹ̀ ti wọlé. Ìbéèrè kan ló kù: ẹ ní ti Michie máa ń gba ìlẹ̀kẹ̀ bó bá borí, ti Gardner, ńṣe la kàn ń yọ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ bó bá pàdánù. Èwo ni ká lò?

---

Adéwáyà (Ọ̀pá, Ilé-Ifẹ̀)

Tíṣà, bí páálí yín bá pọ̀ tó, ẹ ṣe orí méjì. Kí apá kan kíláàsì máa yọ nìkan, kí apá kejì máa yọ kí wọ́n sì máa fi kún un. Èyí tó ń yọ nìkan máa yára dé ibi tí kì í ti í pàdánù mọ́, torí ó ń sé gbogbo ọ̀nà tó burú. Èyí tó ń fi kún un lè rọ̀ mọ́ ọ̀nà kan tó ṣe é lóore lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta nítorí ọmọ tó bá a ta kò fara balẹ̀. Kí àwọn ọmọ kọ àbọ̀ eré kọ̀ọ̀kan sójú pátákó bí wọ́n bá ṣe ń ta á, kí ẹ wá fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ síbí.